Ká Kọ́kọ́ Lé Akátá

Bí ẹbí bá gbé ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lo ice tàbí gbàná wá sí wọ́ọ̀dù wa, ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Nọ́ọ̀sì, kò ní ya wèrè báyìí?" Wèrè ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ egbògi olóró. Fíìmù wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀: ọmọ olówó fín nǹkan símú, ó bọ́ṣọ sílẹ̀, ó gba títì lọ. N kò sọ pé wèrè kì í dé sí i o. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àìsàn àyà ní Èkó mọ ohun tó máa ń wà nínú fáìlì púpọ̀ nínú wọn: ikọ́ fée, òtútù àyà, oówo tó ti jẹ wọnú ẹran, egbò tó kọ̀ tí kò jinná, HIV, àrùn ẹ̀dọ̀. Kòkòrò àìfojúrí ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ní ìtọ́jú. Ohun tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ọmọ tí egbògi kò tíì rí pa, àrùn tó gbóògùn á wá pa á, nítorí pé ó pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Egbògi tí mo ń sọ ni àwọn tó ń mú ara yá gágá, tí wọ́n ń lé oorun, tí wọ́n ń lé ebi. Kokéènì wà níbẹ̀, yálà èyí tí wọ́n ń fín símú tàbí èyí tí wọ́n sè títí tó fi dì, tí wọ́n wá ń fà nínú páìpù. Methamphetamine wà níbẹ̀, òun ni ìgboro ń pè ní ice, tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn ń pè ní mkpuru mmiri. Ti igbó yàtọ̀, ti tramadol àti kodéènì náà yàtọ̀. Ní ti gbàná, ó lè jẹ́ kokéènì, ó sì lè jẹ́ heroin. Ẹni tó ń tà á nìkan ló mọ̀, òun náà kò sì fi gbogbo ara mọ̀.

Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà àti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé tó ń rí sí egbògi olóró ṣe ní 2018 sọ pé bíi mílíọ̀nù 14.3 èèyàn láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64 ló lo egbògi láàárín ọdún kan. Èkó ló ga jù: nínú èèyàn 100, 33. Igbó ló kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ti kokéènì àti ice kéré sí i gan-an. Ṣùgbọ́n kéékèèké ni ice ń rìn wọlé. Ní 2016, àjọ NDLEA já wọ iléeṣẹ́ ńlá kan ní Asaba tí wọ́n ti ń sè é, àwọn ará Mẹ́síkò sì wà lára àwọn tí wọ́n mú níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ń sè nílé, ọmọ ilé ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Àwọn tí mo ń bá pàdé kì í ṣe ọmọ ìta nìkan. Awakọ̀ tó ń gbé ẹrù lóru wà níbẹ̀, alábàárù wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà mọ́jú, obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn máa ń sọ fún mi: ó ń fún àwọn lágbára. Agbára ọ̀hún kò ti ibì kankan wá bí kò ṣe láti inú ara olúwarẹ̀, láti inú èyí tí ara tọ́jú pamọ́ láti fi tún ara ṣe àti láti fi bá àrùn jà.

Ẹ wo ara ẹni tí mọ́tò fẹ́ẹ́ gbá. Àyà á já, ojú á là, ebi á fò lọ, oorun á dá. Adrenaline àti noradrenaline ló tú sínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, cortisol sì tẹ̀ lé wọn. Ara ti pa gbogbo iṣẹ́ tó kù tì kó lè sá àsálà. Kò burú, nítorí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ara á rọlẹ̀. Ice ní tirẹ̀ lè fi ara sínú ìpayà yẹn fún wákàtí 8 sí 12, ẹlòmíràn á sì tún fà á kí ti àkọ́kọ́ tó dá lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun, àwọn sójà ara wa, máa ń gbọ́ àṣẹ lẹ́nu àwọn omi ara wọ̀nyí. Cortisol tí mo dárúkọ yẹn, irú rẹ̀ ni àwọn dókítà ń lò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kí sójà ara rọwọ́ jà. Ẹni tó bá wà nínú ìpayà láti àárọ̀ Mọ́ńdè di alẹ́ Wẹ́sìdeè, sójà rẹ̀ kò gbádùn.

Oorun tí kò sùn tún wà nílẹ̀. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà kó àgbàlagbà 164 tí ara wọn le jọ, wọ́n ṣírò oorun wọn fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wá kán kòkòrò ọ̀fìnkìn sí wọn nímú. Àwọn tí oorun wọn kò tó wákàtí 6 lóru, ọ̀fìnkìn mú wọn ní ìlọ́po 4 ju àwọn tó ń sùn kọjá wákàtí 7 lọ. Èèyàn tó ń jẹun, tí kò fa nǹkan kan, la ń sọ o. Ẹ wá ro ti ẹni tí kò fojú kan oorun fún ọjọ́ mẹ́ta, tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì. Ikọ́ fée sì fẹ́ràn ẹni tó bá ti rù.

Lẹ́yìn ebi àti àìsùn, egbògi fúnra rẹ̀ tún ń ba sójà ara jà. Nínú ẹ̀dọ̀fóró wa, àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun ńláńlá kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n gbé kòkòrò mì kí wọ́n sì dà á. Ní 1997, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles, tí Donald Tashkin wà lára wọn, bu irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ń fa kokéènì. Ẹ̀jẹ̀ funfun náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára láti pa kòkòrò ti dínkù nínú wọn gan-an.

Ti ice tún ya èèyàn lẹ́nu. Bí sójà wọ̀nyí bá gbé kòkòrò mì, ásíìdì inú wọn ni wọ́n fi ń dà á. Methamphetamine jẹ́ ohun tó ń bá ásíìdì pa ara wọn, gẹ́gẹ́ bí kẹ́míkà rẹ̀ ṣe rí; ó máa ń wọ inú kọ̀rọ̀ ibi tí ásíìdì náà wà, ó sì ń gba agbára ásíìdì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní New York fi èyí hàn ní 2008. Sójà gbé kòkòrò mì tán, kò rí i dà; kò sì lè fi àwòrán ọ̀tá náà han àwọn sójà yòókù kí wọ́n lè múra sílẹ̀ dè é. Ní 2013, wọ́n tún ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èkúté àti kòkòrò Cryptococcus, èyí tó máa ń wà nínú ìgbẹ́ ẹyẹlé, tí àwa tó ń tọ́jú ẹni HIV mọ̀ dáadáa nítorí pé ó máa ń wọ ọpọlọ wọn. Nínú èkúté tí wọ́n fún ní methamphetamine, kòkòrò náà gbilẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì tètè gun ọpọlọ lọ ju ti àwọn èkúté yòókù.

Nǹkan mìíràn wà tí àwọn tó ń lo kokéènì kò mọ̀ pé àwọn ń rà mọ́ ọn. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀ láàárín wa yóò rántí Ketrax, oògùn aràn tí àwọn òbí wa máa ń fún wa. Levamisole ni orúkọ oògùn inú rẹ̀. Wọ́n ṣì ń fi í lé aràn nínú àgùntàn, màlúù àti adìyẹ. Nígbà kan, ní Amẹ́ríkà, wọ́n tilẹ̀ ń lò ó mọ́ oògùn jẹjẹrẹ ìfun, nítorí èrò wọn ni pé ó ń ti sójà ara lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣàkíyèsí pé nínú ara àwọn kan, òdìkejì ló ń ṣe: ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ funfun tán pátápátá. Wọ́n kó o kúrò lọ́jà ti èèyàn níbẹ̀ ní 2000. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń ṣe kokéènì bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó mọ́ ọjà wọn kó lè pọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje 2009, nǹkan bíi 70 nínú 100 kokéènì tí ìjọba Amẹ́ríkà gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ló ní levamisole nínú. Láàárín àsìkò yẹn ni àwọn dókítà ní New Mexico, àti ní Alberta ní Kánádà, bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn tí ibà gíga àti ọ̀fun ríra gbé wá, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, tí sójà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ rárá. Kokéènì ló pa gbogbo wọn pọ̀. Ẹni tó bá ti wà nírú ipò yẹn, kòkòrò tó ti ń gbé ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹni tó lo Ketrax ẹ̀ẹ̀kan nígbà èwe kò ní láti jáyà. Lílò léraléra ló sábà ń fà á. Ìròyìn ayọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí olúwarẹ̀ bá tètè dé ilé ìwòsàn, tí wọ́n fún un ní oògùn tó ń pa kòkòrò, tí kò sì fọwọ́ kan kokéènì mọ́, mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ á tún máa ṣe ẹ̀jẹ̀ funfun jáde láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá.

Awọ ara, imú àti ẹnu ni ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè. Kokéènì máa ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá sì dé, sójà kò lè débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àárín imú àwọn tó ń fín in fi máa ń jẹrà títí á fi lu. Ice máa ń gbẹ itọ́ ẹnu, eyín á máa kẹ̀, èèpo ẹnu á máa bó. Ó tún máa ń jẹ́ kó dà bíi pé nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ, olúwarẹ̀ á wá máa ha ara rẹ̀ kiri títí á fi degbò, egbò á gba kòkòrò, á doówo. Mo ti fọ irú oówo bẹ́ẹ̀ tí mo rí iṣan nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tó wá ń gún un lábẹ́rẹ́, tirẹ̀ tún lé kenkà. Heroin lè gbé èèyàn fún wákàtí mélòó kan, kokéènì kì í pẹ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gún un lè gún un léraléra lójúmọ́ kan. Bí gígún bá ṣe pọ̀ tó ni yíyá abẹ́rẹ́ ara ẹni lò ṣe ń pọ̀ tó. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Glasgow, ní Scotland, nìyẹn. Láàárín àwọn tó ń gún egbògi níbẹ̀, àwọn tó ń gún kokéènì kúrò ní 16 nínú 100 ní bíi 2011, wọ́n di 50 nínú 100 ní 2018. Láàárín ìgbà kan náà, àwọn tó ní HIV nínú wọn gòkè láti 0.1 sí 4.8 nínú 100. Ìlú tó ní oògùn HIV lọ́fẹ̀ẹ́ ni Glasgow o, tó sì ti ń pín abẹ́rẹ́ tuntun fún wọn tipẹ́.

Ikọ́ fée ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n padà sórí rẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ẹni ikọ́ fée pọ̀ níbẹ̀ tó Nàìjíríà. Inú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, tí èèyàn mẹ́fà jókòó yí páìpù kan ká, tí wọ́n ń wúkọ́ lura wọn, kòkòrò náà kò tún wá ibòmíràn lọ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 lórí àwọn tó ní ikọ́ fée ní Lọ́ńdọ̀nù rí i pé àwọn tó ń fa crack, ìyẹn kokéènì inú páìpù, nínú wọn ni ó ṣeé ṣe jù kí kòkòrò ti kún inú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n bá fi dé ilé ìwòsàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àrùn náà ti dàgbà, wọ́n sì ti ń kó o ran ẹlòmíràn. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kò jókòó máa retí wọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ X-ray sínú ọkọ̀, wọ́n ń gbé e lọ bá àwọn tí kò nílé àtàwọn tó ń lo egbògi níbi tí wọ́n bá wà.

Kí ló ń mú wọn pẹ́? Ohun tí mo ti rí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí rèé, n kò sì rí i kó pọ̀ nínú ìwé. Ìṣe ikọ́ fée àti ìṣe ice jọra wọn. Ikọ́ fée máa ń mú èèyàn rù. Ice ń mú èèyàn rù. Ikọ́ fée kì í jẹ́ kí oúnjẹ wu èèyàn. Ice náà kì í jẹ́ kí oúnjẹ wu èèyàn. Ikọ́ fée ń fa òógùn lóru. Ẹni tó fa ice náà ń làágùn. Ìyá rẹ̀ rí i tó ń gbẹ lọ, ó ní ìwà ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ó ń wúkọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀fin páìpù ló ń bá a jà. Òun fúnra rẹ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀. Bó bá sì wá rẹ̀ ẹ́ gan-an, tí àárẹ̀ ìbá fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó mọ ohun tó máa fà tí àárẹ̀ ọ̀hún á fi lọ. Àárẹ̀ lọ, kòkòrò kò lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìtìjú, lẹ́yìn ìtìjú ni ìbẹ̀rù. Ní 2021, fídíò tàn káàkiri orí fóònù wa nígbà tí àwọn abúlé kan ní Ìlà-Oòrùn ń de àwọn ọmọ tó ń mu mkpuru mmiri mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń nà wọ́n lẹ́gba ní gbangba. Ọ̀pọ̀ ló pàtẹ́wọ́. Mo mọ ìrora òbí tó gbà kí wọ́n na ọmọ òun bẹ́ẹ̀, n kò sì ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó tẹ̀ lé e: ẹni tó rí fídíò yẹn, tí ikọ́ wà láyà rẹ̀, á fara pamọ́ sí i ni. Ẹgba kì í pa kòkòrò. Ilé ìwòsàn náà sì ní ẹgba tirẹ̀. Mo ti gbọ́ tí òṣìṣẹ́ ìlera sọ fún aláìsàn pé kó lọ jáwọ́ nínú egbògi ná, kó tó wá gba oògùn ikọ́. Aláìsàn lọ. Kò jáwọ́, kò sì padà wá.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí. Ìlànà iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọmọkùnrin kan jókòó níwájú mi rí, ó sorí kodò, ó ní, "Màámi, ó yá, ẹ bá mi wí." Mo ní, "Ìbáwí wà nílẹ̀, kì í rà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ báyìí." Ó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti rẹ́rìn-ín á sọ òótọ́ fún ọ. N kì í bi wọ́n pé ṣé wọ́n ń lo nǹkan. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni mo máa ń bi wọ́n, àti àwọn wo ni wọ́n jọ ń lò ó. Bí wọ́n bá ní páìpù ni, mo mọ̀ pé àwọn tó yí páìpù náà ká gbọ́dọ̀ wá ṣàyẹ̀wò. Bí wọ́n bá ní abẹ́rẹ́ ni, àyẹ̀wò HIV àti ti àrùn ẹ̀dọ̀ kò ní dúró dọ̀la, abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B sì wà fún ẹni tí kò bá tíì kó o, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń gbà á. Mo máa ń béèrè ọtí, nítorí oògùn ikọ́ fée kì í fi ojú àánú wo ẹ̀dọ̀. Mo máa ń béèrè ibi tí wọ́n ń sùn, nítorí oṣù 6 ni oògùn náà, ẹni tí kò sì ní ibi tó lè gbé oògùn sí, a ní láti bá a wá ọ̀nà.

Àwọn kan máa ń sọ pé irú ìtọ́jú báyìí ń kẹ́ wọn bàjẹ́. Ìdáhùn mi ni pé òkú kì í jáwọ́ nínú egbògi. Gbogbo àwọn tí mo ti rí tó jáwọ́, àwọn tó wà láàyè ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjókòó ilé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti ń wá gba oògùn ikọ́, tí wọ́n ń rí ẹni tó mọ orúkọ wọn, tí oúnjẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lẹ́nu wọn, tí wọ́n wá fẹnu ara wọn béèrè pé báwo làwọn ṣe lè fi nǹkan yìí sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni à ń fi wọ́n ṣọwọ́ sí àwọn tó mọ ìyẹn ní iṣẹ́. Àwọn mìíràn kò jáwọ́ rárá, ṣùgbọ́n ikọ́ wọn san, wọn kò sì kó o ran àwọn ọmọ àbúrò wọn mọ́. Èyí náà kì í ṣe nǹkan kékeré.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nílé, tí ikọ́ rẹ̀ ti tó ọ̀sẹ̀ 2, tàbí tó ń rù tó sì ń làágùn lóru, ẹ má jókòó máa ṣèdájọ́ ohun tó fà á. Bí ibà gíga bá kọ lù ú lójijì tí ọ̀fun rẹ̀ ń ra, ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ mú un wá, ẹ sì sọ ohun tó ń lò fún wa. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ọlọ́pàá. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò ikọ́ fée ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.